Ohun tí Orí Kẹta kì í sọ: ìmọ̀ ọwọ́ nínú ìdánwò lórí ìwà ẹ̀dá

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ iṣẹ́ àṣejáde ní yunifásítì, yálà ní Adó-Èkìtì ni o tàbí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Orí Kẹta dáadáa. Ibẹ̀ ni yóò ti sọ bí ó ṣe ṣe ìwádìí rẹ̀: iye ènìyàn tó bá sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ṣà wọ́n, ìbéèrè tó bi wọ́n àti bí ó ṣe ṣírò ìdáhùn wọn. Ohun tí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ó kọ ọ́ débi pé ẹni tí kò rí i rí, tó wà ní Kánò tàbí ní ìlú òyìnbó, lè gbé ìwé náà sọ́wọ́ kí ó sì tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àdéhùn tí sáyẹ́ǹsì bá gbogbo ayé ṣe nìyẹn, pé ohun tí mo bá rí, ìwọ náà yóò rí i bí o bá tọ ọ̀nà tí mo tọ̀. Láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, àríyànjiyàn ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ lórí àdéhùn yìí gan-an láàárín àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá àti àwùjọ, ó sì kan àwa tí a wà ní Èkìtì ju bí a ṣe rò lọ.

Ní 2015, ọ̀pọ̀ olùwádìí tí Brian Nosek ti Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà ṣe kòkáárí wọn tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ti mú 100 ìwádìí lórí ìrònú àti ìwà ẹ̀dá tó ti jáde tẹ́lẹ̀ nínú àwọn ìwé ìmọ̀ tó lórúkọ, wọ́n sì tún wọn dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú 100 wọ̀nyẹn, 97 ló sọ nígbà àkọ́kọ́ pé àwọn rí ohun tó dájú. Nígbà tí wọ́n tún wọn ṣe, bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló tún fi irú rẹ̀ hàn, agbára ohun tí wọ́n rí kò sì ju bí ìdajì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé náà dán tiwọn wò ní 2016, 11 nínú ìdánwò 18 ló sì dúró. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi sùn fọnfọn.

Oríṣiríṣi ìdí ni wọ́n wá sí i. Àwọn kan ní èèṣì ló pọ̀ nínú àbájáde àkọ́kọ́, nítorí pé ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n lò, àti pé ìwádìí tí kò bá rí nǹkan kan kì í jáde nínú ìwé. Mo gbà pé òótọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mìíràn wà tó máa ń yá lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tí kò bọ́ sí i. Ohun tó máa ń sọ ni pé àwọn tó tún un ṣe kò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ka Orí Kẹta lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí a ṣe ń gba àlejò wọ yàrá ìwádìí, wọn kò mọ irú ohùn tí a fi ń ka ìtọ́ni sí i létí, wọn kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí a dákẹ́. Jason Mitchell ti Yunifásítì Harvard kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2014. Ó ní àtúndánwò tó bá kùnà kò fi nǹkan kan hàn wá, nítorí pé ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà ba iṣẹ́ jẹ́ kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí olùwádìí tó dáńtọ́ mọ̀ kò sì sí nínú ìwé. Ọ̀pọ̀ bínú sí i, wọ́n ní àwáwí ni. Èmi kò gbà pé àwáwí lásán ni, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà pé ó tó ohun tí a fi ń dá ara ẹni láre.

Ìmọ̀ ọwọ́ ni mo ń pè é níbí, ìyẹn ohun tí ọwọ́ mọ̀ tí ẹnu kò lè ròyìn tán. Michael Polanyi, tí wọ́n bí ní Budapest ní 1891, tó ṣe iṣẹ́ kẹ́místrì kó tó yí sí ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ló sọ ọ́ ní 1966 pé ohun tí a mọ̀ pọ̀ ju ohun tí a lè sọ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Harry Collins, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ lé àwọn tó ń gbìyànjú láti kan irú ẹ̀rọ léésà kan tí àlàyé rẹ̀ ti wà nínú ìwé fún gbogbo ènìyàn. Ohun tó rí, tó sì tẹ̀ jáde ní 1974, ni pé nínú àwọn yàrá ìwádìí tó tọpa wọn, kò sí ẹyọ kan tó rí i kàn nípa ìwé kíkà nìkan. Gbogbo àwọn tó kàn án tó ṣiṣẹ́ ló ti bá ẹni tó ti kàn án rí ní àjọṣe lójúkojú. Nígbà mìíràn, ohun tó dí wọn lọ́wọ́ kò ju gígùn wáyà kan lọ. Ẹni tó kọ ìwé kò mọ̀ pé gígùn wáyà yẹn ṣe pàtàkì, kò sì kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹni tó mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Èkìtì kò nílò léésà kí èyí tó yé e. Ní 1947, ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ àbójútó Fada Kevin Carroll. Ibẹ̀ ni George Bándélé, ọmọ Àrẹògún agbẹ́gilére ti Òsì-Ìlọrin, ti ń gbẹ́ ère, ibẹ̀ náà sì ni Làmídì Fákéye ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére ní orúkọ fún ìpele mẹ́rin tí igi ń gbà di ère: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni, ọmọ ilé-ìwé sì lè há wọn sórí láàárọ̀ kan. Síbẹ̀ Fákéye, tó jẹ́ pé ilé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí ní Ìlá, tó sì ti ń gbẹ́gi kó tó dé Ọ̀yẹ́, tún fara balẹ̀ jókòó ti Bándélé, nítorí pé ibi tó yẹ kí àáké dúró nínú àlétúnlé kò sí nínú orúkọ tí àlétúnlé ń jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀ ni, à bá dá àwọn tó ń sọ pé 'ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe' láre, kí olúkálùkù máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n igi kì í wo ojú agbẹ́gi. Ènìyàn ń wo ojú ẹni tó ń dán an wò, àwọn àgbà sì ti ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹṣin kan ló kọ́kọ́ fi èyí han àwọn onímọ̀ ní gbangba. Ní Berlin, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Wilhelm von Osten ní ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní Hans Ọlọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá bi í ní ìṣirò, yóò fi pátákò lu ilẹ̀ títí yóò fi dé orí iye tó tọ́, yóò sì dúró. Oskar Pfungst yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1907. Ẹṣin náà kò mọ ìṣirò kankan. Orí ẹni tó ń bi í ni ó ń wò, nítorí pé bí pátákò bá ti kan iye tó tọ́, ẹni náà yóò mi orí díẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹni tó ń bèèrè kò bá mọ ìdáhùn, tàbí tí ẹṣin kò bá rí i, ọgbọ́n ẹṣin tán nìyẹn. Apá kan nínú ìtàn yìí tí wọn kì í sábà sọ ló wú mi lórí jù: Pfungst fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó ti mọ àṣírí náà, kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu kí orí rẹ̀ má mì. Ọwọ́ mọ ohun tí ọkàn kò rán an, ó sì ń ṣe é lọ.

Nísinsìnyí, ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdánwò kan tó lókìkí. Ní 1996, John Bargh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ tó dà rú di gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ọjọ́ ogbó wà nínú ti àwọn kan, kò sí nínú ti àwọn yòókù. Wọ́n ròyìn pé àwọn tó bá ọ̀rọ̀ ogbó pàdé rọra rìn ju àwọn yòókù lọ nígbà tí wọ́n ń jáde lọ. Ní 2012, Stéphane Doyen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels tún un dán wò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí kò ní ojú àánú díwọ̀n ìrìn dípò kí ènìyàn máa tẹ aago. Wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n wá ṣe èkejì, níbi tí wọ́n ti yí àwọn tó ń darí ìdánwò gan-an lọ́kàn padà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé àwọn tó bá ka ọ̀rọ̀ ogbó yóò rọra rìn, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé wọn yóò yára. Lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń retí pé kí ìrìn falẹ̀ nìkan ni ìrìn ti falẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Ẹni tó bá ní àwọn ará Brussels kò ní ọwọ́ tó yẹ ní àkọ́kọ́ lè rí ìdánwò èkejì tọ́ka sí, kó ní ẹ ò rí i, bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, yóò jáde. Àmọ́ ọwọ́ tó jẹ́ kó jáde yìí, ṣé èyí tó ń gbálẹ̀ kí ohun tó wà níbẹ̀ lè hàn ni, àbí èyí tó ń tẹ òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn oníbàárà? Láti ẹ̀yìn òde, àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lẹ́nu olùwádìí, ìyẹn 'ìrírí', òun fúnra rẹ̀ kò sì lè mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́ bí kò bá jẹ́ kí ẹlòmíràn wo ọwọ́ òun.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti dán ọ̀rọ̀ yìí gan-an wò. Wọ́n mú ìdánwò mẹ́wàá nínú 100 ti 2015, àwọn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọminú sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tún wọn ṣe kó tó di pé wọ́n ṣe é. Wọ́n gbé ètò náà fún àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe bó ṣe yẹ, kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n rò pé ó sọnù. Lẹ́yìn náà ni oríṣiríṣi yàrá ìwádìí ṣe é lọ́nà méjèèjì, ti àtijọ́ àti èyí tí àwọn ọ̀gá ti fọwọ́ sí. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Lórí òṣùwọ̀n tó jẹ́ pé òdo túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àwọn ìwádìí ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti sọ pé àwọn rí 0.37. Èyí tí àwọn ọ̀gá tún ṣe fún wọn ní 0.05, èyí tí wọn kò tún ṣe fún wọn ní 0.04. Ìmọ̀ràn àwọn ọ̀gá kò sọ òkú di ààyè.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ jiyàn. Ó lè ní ohun tí a kò lè sọ kò ṣeé fi ránṣẹ́ nínú ìwé ìmọ̀ràn, bó ti wù kí ọ̀gá tó kọ ọ́ tó. Ìgbà mìíràn sì wà tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2016, yàrá ìwádìí 17 tún ìdánwò kan ti 1988 ṣe, níbi tí ènìyàn ti ń fi eyín mú bírò kí ẹnu rẹ̀ lè dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, kó sì máa wo àwòrán apanilẹ́rìn-ín. Wọn kò rí ohun tí Fritz Strack àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àwọn rí, pé àwòrán náà máa ń pa ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́rìn-ín jù. Strack ní kámẹ́rà tí wọ́n gbé ka àwọn ènìyàn lójú ló bà á jẹ́. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Ísírẹ́lì ṣe é pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n tún ṣe é láìsí kámẹ́rà: ó hàn níbi tí kò sí kámẹ́rà, kò hàn níbi tó wà. Títí di òní, ọ̀rọ̀ bírò yẹn kò tíì yanjú tán. Ohun tó ṣe mí ní ìwúrí níbẹ̀ ni pé Strack dárúkọ ohun kan. Kò sọ pé ọwọ́ wọn kò dáa lásán. Ó ní kámẹ́rà ni, ẹlòmíràn sì lè gbé kámẹ́rà kúrò kó wò ó.

Títí dé ibi yìí, yàrá ìwádìí ni mo ń sọ. Ìta ni ọ̀rọ̀ ti wá kàn wá. Nígbà tí Joseph Henrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé eré tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi ń wo bí ènìyàn ṣe ń pín owó lọ sí àwùjọ kéékèèké 15 káàkiri ayé, ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, àwọn Orma ní Kẹ́ńyà gbọ́ òfin ọ̀kan nínú eré náà, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: 'harambee', ìyẹn owó tí wọ́n ń dá jọ fún iṣẹ́ ìlú. Eré kan náà ni wọ́n kọ sínú ìwé ní ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn Orma ta kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ta. Bí wọ́n bá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ wá sí abúlé kan ní Èkìtì, ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ rò ni èésú. Bí wọ́n bá sì bá àgbàlagbà nílé, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa sọ sí i lọ́kàn, nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ yìí ti fún àwọn tó pé ọdún 65 sókè ní 5,000 náírà lóṣooṣù rí, ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011. Ẹni tó bá gbé ìwé àti bírò dé ẹnu ọ̀nà, lójú ọ̀pọ̀ ìyá àgbà, ẹni tó wá kọ orúkọ fún owó ni. Ìdáhùn tí yóò gbà, ìdáhùn fún ẹni tó wá kọ orúkọ ni.

Mo ti bá àwọn olùwádìí gbé ìwé ìbéèrè kiri rí, ní àwọn abúlé kan ní agbègbè Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ìbéèrè kẹfà lórí ìwé náà ni 'Ọmọ mélòó ni ẹ bí?' Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú wa, tó já fáfá, wọ ilé ìyá àgbà kan, ó kí i, ó sì bi í gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ìyá náà wò ó, ó ní, 'Ọmọ mi, Ọlọ́run ló mọ iye wọn.' Ó fi àlàfo sílẹ̀, ó kọjá sí ìbéèrè keje. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà kò bá wa dé ibẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, obìnrin tó dàgbà jù nínú wa padà lọ. Ẹ̀gúsí ni ìyá náà ń bó. Obìnrin yìí kúnlẹ̀ kí i, ó fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sínú àwo, ó ń bá a bó o. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bèèrè pé, 'Ìyá ta ni wọ́n ń pè yín, màmá?' Ìyá dárúkọ àkọ́bí rẹ̀. 'Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà? Ibo ni wọ́n ń gbé báyìí?' Èkó ni. 'Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ńkọ́?' Báyìí ni wọ́n ṣe ń kí wọn lọ lókèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀kan, títí wọ́n fi kan àbígbẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó dárúkọ iye kankan. Nígbà tí obìnrin náà jáde síta ló kọ méje sórí ìwé, ó sì kọ ọ̀kan sí iwájú ibi tí wọ́n ti ń bèèrè iye àwọn tó ti kú.

Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ lẹ́yìn náà, gbogbo èyí di gbólóhùn kan ṣoṣo: a bi àwọn ìyá ní iye ọmọ tí wọ́n bí.

Bí ẹlòmíràn bá gba gbólóhùn yẹn mú tó sì lọ tún un ṣe, irú àlàfo tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn mú bọ̀ ló máa kún ọwọ́ rẹ̀. Yóò ní irọ́ ni àwọn ti àkọ́kọ́ pa. Àwọn ti àkọ́kọ́ yóò ní kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ bí obìnrin yẹn ṣe ṣe é sílẹ̀ tán. Ìpínrọ̀ kan péré ló gbà mí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn olùwádìí ń pè ní ohun tí kò ṣeé kọ, ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ ni. Collins fúnra rẹ̀ ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní 2010: ó ní èyí tí kò hàn nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n fi pamọ́, tàbí kò mọ̀ pé ẹlòmíràn nílò rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ara, ó sì yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ pé inú àwùjọ nìkan ni a ti lè gbà á. Lóòótọ́, bí obìnrin yẹn ṣe mọ iye ìgbà tó yẹ kí òun dákẹ́ nígbà tí ìyá náà dé orí ọmọ tó ti lọ, n kò lè kọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n níláti bá a jókòó. Àmọ́ àpótí, ẹ̀gúsí àti 'ìyá ta ni wọ́n ń pè yín' ṣeé kọ.

Ó sì ní ohun tó ń fà. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n dán ètò gbígba olùkọ́ oníkọ́ńtíráàtì wò ní ilé-ẹ̀kọ́ 192. Ètò kan náà ni, ṣùgbọ́n àjọ aládàáni ló bójú tó o níbì kan, ìjọba ló bójú tó o níbòmíràn. Máàkì àwọn ọmọ gòkè níbi tí àjọ náà ti ṣe é. Níbi tí ìjọba ti ṣe é, kò yí padà rárá. Bí ìjọba kan bá ka àbájáde ti àkọ́kọ́ nìkan, tó sì ná owó ìlú lé e lórí, ohun tó wà ní Orí Kẹta ni yóò rà, ohun tó mú un ṣiṣẹ́ yóò sì wà lọ́wọ́ àwọn tí kò sí nínú ìwé.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún ìyàtọ̀ yìí. Barry Hallen àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn náà kò fi 'mọ̀' àti 'gbàgbọ́' ṣeré. Ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, títí kan ohun tí a kọ́ nílé ìwé, ìgbàgbọ́ ni, àfi bí a bá dán an wò fúnra wa. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn àgbà wọ̀nyẹn wọ̀n ọ́n, olùwádìí tó bá ní ọwọ́ òun nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ òun lè ní ìmọ̀ fúnra rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ lásán ló fún àwa tó kù. Mo rò pé òdodo ni wọ́n sọ.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń kó ìwé ìbéèrè, ìtọ́ni àti àwòrán fídíò bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀ ní gbangba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò yàrá ìwádìí kò dé àgbàlá ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi owó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gbà, tó gun ọ̀kadà lọ gba ìdáhùn náà, kì í sí lára àwọn tó ń kọ ìròyìn, kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè ohun tó ṣe.

Obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ní ìwà kan. Bó bá kọ ìdáhùn tán, yóò fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ kéékèèké sí etí ìwé: 'mo bá a bó ẹ̀gúsí', 'ọkọ wà níbẹ̀, mo padà lọ lọ́la', 'ó rò pé owó ìjọba ni, mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì'. Kò sí ẹni tó ní kó kọ wọ́n. Nígbà tí a kó gbogbo ìwé jọ tí wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, mo jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, mo sì rí i bó ṣe ń ka méje, tó ń tẹ méje, tó ń ka ọ̀kan, tó ń tẹ ọ̀kan, tó ń ṣí ewé sí òmíràn. Kò sí àyè fún etí ìwé nínú kọ̀ǹpútà náà.